Àgbàdo Sísun Pẹ̀lú Àgbọn: Irúgbìn Wa láti Ìbàdàn dé Abidjan

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ẹjìgbò tó ní òun ń lọ sí Abidjan, ẹnubodè ni yóò fi máa ka ọ̀nà. Sẹ̀mẹ̀ ni àkọ́kọ́, kó tó kan Hillacondji, Aflao àti Elubo. Tí wọ́n bá ti lu ìwé ìrìnnà lóǹtẹ̀ ní Noé, ó ku Aboisso àti Grand-Bassam nìyẹn. Láti Bassam, òkun wà lọ́wọ́ òsì, igi àgbọn tò lọ bẹẹrẹ, títí ọkọ̀ yóò fi dé Port-Bouët, níbi tí bàálù ti ń fò wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan òrùlé ilé. Bó bá bọ́ sí àsìkò àgbàdo tútù, ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń yí àgbàdo lórí ẹ̀yín iná létí títì. Ọmọ Yorùbá tó bá rà á, ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé e ni pé: "Àgbọn ńkọ́?"

Kò sí ohun tó bá àgbàdo sísun mu bí àgbọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà ni, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa wo oúnjẹ méjì yìí láti ibòmíràn: irúgbìn wọn, ta ló ń pa á mọ́? Ti àgbọn, Abidjan níbẹ̀ ni. Ti àgbàdo, Ìbàdàn tiwa níbí ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú ọ̀kan sì yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì.

Àwọn ará Ẹjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ayé ìjọba àwọn Faransé, débi pé kò ṣòro láti gbọ́ èdè Faransé ní Ẹjìgbò fúnra rẹ̀. Anango ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá. Ní Treichville, ẹ ó rí Yorùbá tó ń ta ògì, ẹ ó sì rí i tó ń dúnàádúrà àgbàdo gbígbẹ ní èdè Dioula, níbi tí àgbàdo ti ń jẹ́ kaba. Àwọn Baoulé ń pè é ní ablɛ, tó jọ aburoo ti àwọn Akan ní Gánà; gbadé ti àwọn Fọ̀n sì jọ àgbàdo tiwa. Nílé níbí náà, àwọn tó ń pè é ní yangan wà. (Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa, ẹ má bínú sí wa.)

Ìyá kan tó ń ta ògì níbẹ̀ sọ fún wa pé ìyá òun gbé irúgbìn àgbàdo kan wá láti ilé nígbà tí òun wà lọ́mọdé. "Funfun ni o. Ọmọ rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ máa ń dì dáadáa." A ní, "Ìyá wa, kí lẹ ń pè é?" Ó ní, "Àgbàdo ilé ni. Kí la tún fẹ́ pè é, ẹ̀yin ọmọ mi?" Nígbà tó yá, àgbàdo ọjà ni wọ́n ń rà, kò sì sí ẹni tó rántí ọdún tí wọ́n gbin tilé gbẹ̀yìn.

Ìdáhùn yẹn ń dùn wá títí di ìsinsìnyí. Ilé olúkúlùkù ló ní àgbàdo ilé tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi orúkọ yẹn wá ọ̀kan kàn. Ní ilé ìpamọ́ irúgbìn, lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni orúkọ tí àgbẹ̀ ń pè é, abúlé tí wọ́n ti gbà á àti ọdún tí wọ́n gbà á. Irúgbìn tí kò ní ìwọ̀nyí dà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àgbọn, nítorí ojú ọ̀nà ló wà. Ní Port-Bouët ni ibùdó ìwádìí Marc Delorme wà, tí àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Côte d'Ivoire, CNRA, ń bójú tó. Ọgbà àgbọn ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún tí àgbáyé yàn láti máa tọ́jú oríṣiríṣi àgbọn. Àwọn yòókù wà ní Íńdíà, Indonesia, Papua New Guinea àti Brazil. Ti Abidjan ló dúró fún Áfíríkà àti Òkun Íńdíà.

Ọgbà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe yàrá òtútù, nítorí àgbọn kì í sùn. Ẹ gbé e sílẹ̀, yóò hù. Ẹ sá a gbẹ kí ẹ gbé e sínú yìnyín, yóò kú. Igi gan-an ni àpótí ìpamọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lóòró, kí wọ́n sì máa gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀ bó bá ti ń gbó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí PB121, ọmọ àgbọn kúkúrú pupa rúsúrúsú ti Màlésíà àti àgbọn gíga ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó tètè ń so, ó sì ti dé oko ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. PB inú orúkọ yẹn, Port-Bouët ni. Ẹ wá wo orúkọ tó mọ ilé rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ibi tí igi wọ̀nyí dúró sí ni ará Abidjan ń wá ilẹ̀ sí: òkun níwájú, pápákọ̀ òfúrufú nítòsí, ilé lọ́tùn-ún lósì. Àrùn kan tó ń mú kí ewé àgbọn pọ́n kí orí rẹ̀ sì já ti wà ní agbègbè Grand-Lahou, lápá ìwọ̀-oòrùn Abidjan. Ní Gánà, láti 1932 ni wọ́n ti mọ irú rẹ̀ ní ẹ̀bá Keta. Bí ó bá wọ ọgbà yẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè kó igi sínú àpò sá lọ. Lójú tiwa, ilẹ̀ yẹn níye lórí ju ilé èyíkéyìí tí wọ́n lè kọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tó ń wá ilé gbé kò ní gbà, a mọ̀.

Àgbàdo ní tirẹ̀ mọ oorun sùn. IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 bẹ̀rẹ̀ ilé ìpamọ́ irúgbìn ní 1975. Wọ́n á jẹ́ kí hóró gbẹ dáadáa, wọ́n á dì í pa kí atẹ́gùn má wọlé, wọ́n á sì gbé èyí tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́ jù sínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Síbẹ̀ wọ́n ní láti máa jí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n ká tuntun. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí afẹ́fẹ́ ni alárinà àgbàdo. Lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ láti orí ìrùkẹ̀rẹ̀ ló ń bà lé irun àgbàdo, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló sì ní hóró tirẹ̀. Àwọn ọmọ yín lè fojú ara wọn rí i: bí àgbàdo funfun tí ẹ gbìn bá yọ hóró pupa rúsúrúsú díẹ̀ láàárín, ti oko aládùúgbò ló wá bímọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fi àpò bébà bo ìrùkẹ̀rẹ̀ àti irun, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn da lẹ́búlẹ́bú síbi tó yẹ, lára igi púpọ̀ fún ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Ẹ lè béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìẹ ń jẹ: òwe yẹn rántí pé àlejò ni àgbàdo. Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ koríko di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó dé Amẹ́ríkà ní 1492 ló tó sọdá òkun wá bá wa. Ó wá, àrùn ìpáàrà tó ń bá a jà nílé rẹ̀ kò bá a wá. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àgbàdo wa kò rí ọ̀tá yẹn sójú. Ní 1949, wọ́n rí àrùn náà ní ilẹ̀ Sàró. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, ó ti wọ Côte d'Ivoire, Gánà, Dahomey àti Nàìjíríà. Ewé àgbàdo dà bí irin tó pẹ́ nínú òjò, ó sì ń gbẹ kí ọmọ tó gbó. Ní Moor Plantation, Ìbàdàn, wọ́n gbin àgbàdo ọ̀nà jíjìn láti wò wọ́n. Lára àwọn tó wá láti Mẹ́síkò àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí èyí tí àrùn náà kò ráyè lára rẹ̀, wọ́n sì fi í bí ọmọ pẹ̀lú tilé. Ká ní ẹnikẹ́ni kò tọ́jú àwọn yẹn ńkọ́?

Ti ìbátan àgbàdo tó ń dá hù nínú igbó ló yà wá lẹ́nu jù. Teosinte ni wọ́n ń pè é ní Mẹ́síkò. Ọmọ rẹ̀ kò ju hóró bíi mélòó kan tó le bí òkúta lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n rí irú rẹ̀ kan, Zea diploperennis, ní òkè Manantlán ní Jalisco. Àgbàdo a máa kú lẹ́yìn ìkórè. Èyí kì í kú, á tún rúwé lọ́dún tó ń bọ̀. Ní 1987, ìjọba Mẹ́síkò sọ òkè náà di ibi àbò. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín sì ni ó ti wúlò. Koríko kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, láti àríwá Nàìjíríà dé àríwá Côte d'Ivoire, tí òdòdó rẹ̀ rẹwà ní àwọ̀ àlùkò. Striga ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí àfòmọ́ ṣe ń ṣe igi ló ń ṣe àgbàdo, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀, ní gbòǹgbò, ló ti ń fa omi ara rẹ̀ mu. Àwọn onímọ̀ IITA mú agbára àtikọ Striga láti ara koríko òkè Manantlán, wọ́n sì fi sínú àgbàdo. Hóró tí adìẹ fúnra rẹ̀ lè má kà sí oúnjẹ!

Pípa nǹkan mọ́ sójú kan náà kò tó. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, AfricaRice tó ń ṣe ìwádìí ìrẹsì nítòsí Bouaké ní láti kó kúrò, Cotonou ni wọ́n sì wá fìdí sí. Ẹ̀dà irúgbìn wọn wà ní IITA, Ìbàdàn. Ní 2008 tí wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ Svalbard nínú yìnyín Nọ́wè, irúgbìn láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé.

Ti inú ilé wa ńkọ́? Òkè àdìrò ni àwọn ìyá wa máa ń so àgbàdo irúgbìn kọ́, kí èéfín lè lé kòkòrò. Gáàsì kò ní èéfín, ṣùgbọ́n ìgò tó dé pinpin ṣe é lò. Ẹ sá hóró náà títí tí yóò fi dún pá lábẹ́ eyín. Ẹ mú un lára ọmọ àgbàdo púpọ̀, kó má jẹ́ ẹyọ kan tó tóbi jù nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú aládùúgbò tàbí kí ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ wọn má baà yọ pọ̀. Kí ẹ sì lẹ bébà mọ́ ìgò náà: orúkọ tí ìyá àgbà ń pè é, ìlú tó ti wá, ọdún tí ẹ ká a. Bí ìyá àgbà bá ní àgbàdo ilé ni, ẹ tún bi wọ́n: ilé ta ni?