Èèpo kajú tí a dà sẹ́yìn ilé



Àwa tí a ń gbin kajú lápá Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọdún tí a kọ́kọ́ ní ká yan án fúnra wa, ojú wa rí nǹkan. Agbada lásán la gbé kaná. Bó ṣe gbóná tán, òróró inú èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà bí epo tí omi kán sí. Ó ta sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa lápá. A rò pé iná lásán ni. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, ìléròrò ti yọ níbẹ̀, awọ ń bó. Àwa tí a fi ọwọ́ lásán pa á náà, gbogbo ìka wa ló bó. Àpá yẹn ṣì wà lára ìyàwó wa dòní.

Inú bí wa, a kó gbogbo èèpo náà dà sẹ́yìn ilé.

Àbúrò wa kan tó ń kọ́ kẹ́místrì ló rí òkìtì yẹn tó pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, owó lẹ dà síbí o!" Ó ní fínọ́ọ̀lù ló kún inú òróró yẹn. Èyí tó ń jẹ́ anacardic acid ló bó wa lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sè é kó gbóná dáadáa, á di cardanol. Tí wọ́n bá wá po cardanol mọ́ formaldehyde, á dì, á le gbagidi. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná sínú búrékì mọ́tò torí ó ń fara da ooru. Wọ́n tún ń fi ṣe fáníìṣì àti ọ̀dà irin. Àṣé nǹkan tó bó wa lọ́wọ́ ló ń dá mọ́tò dúró!

A wá ṣírò. Nínú kìlò 100 kajú tí a kò tíì fọ́, èèpo á tó kìlò 70, òróró inú ẹ̀ á sì tó kìlò 17. Bẹ́ẹ̀, odindi la ń tà á, ó ń lọ sí Íńdíà àti Vietnam, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí òróró. A bi oníbàárà wa, ẹ̀rín ló fi dá wa lóhùn.

Ẹ má dán ti búrékì yẹn wò nílé o! Èéfín formaldehyde ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí agbára wa ká ni pé ká fún òróró náà, ká fi kun ìdí òpó ọgbà ewúrẹ́ kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Àwọn òpó tí a kùn ṣì dúró. Ikán ti jẹ mẹ́ta nínú èyí tí a kò kùn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ àdín kọ̀ láti bá wa fún un, ó sì jàre, torí kò yẹ kó kan ohun jíjẹ rárá. Ẹ̀rọ àlòkù kan tí wọn ò fi fún epo mọ́ la padà rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa kajú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Tí kò bá sí, ẹ fi àdín pa ọwọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ tún fi eérú sí i. Ẹ má sì fi èèpo ẹ̀ dáná nínú ilé ìdáná.

Àpò èèpo mẹ́rin ló wà lábẹ́ àtíbàbà wa báyìí. Ọ̀gá kan tó ń ra èèpo ní àpò mẹ́rin kéré, àfi tó bá kún ọkọ̀. Ta ló tún ní lọ́wọ́ láyìíká Ògbómọ̀ṣọ́, ká jọ kó o pọ̀?