Kí N Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Hólàǹdì
Lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àti kẹ̀kẹ́ ológeere mi yóò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Harwich lálẹ́, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá wa ní Hook of Holland. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ṣadé, ẹni 60 ọdún wo ló ń fi kẹ̀kẹ́ gba ìsinmi?” Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Látìgbà tí dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń tọrọ ẹ̀mí gígùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ara la kọ́kọ́ ń tún ṣe, ká tó tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Máìlì 5 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti dé 30 báyìí. Òkè ò pọ̀ ní Hólàǹdì, àmọ́ afẹ́fẹ́ etíkun ibẹ̀ lè dá géńdé dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Nọ́ńbà wà ní oríta ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọn. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kò ní ṣìnà.

Túùbù méjì, pọ́ǹpù, sípánà, aṣọ òjò, oògùn mi: ó tán. Ẹrù tó bá pọ̀, ẹsẹ̀ ni yóò san owó rẹ̀.

Ìyàwó mi tó ń fi mí ṣẹ̀sín náà ló rán àpò oògùn ọ̀hún.