Kì Í Ṣe Owó Ni Màmá Ń Béèrè

Bí mo bá sọ fún ènìyàn ní Ìbàdàn níhìn-ín pé iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Wọn a ní, "Ṣé àgbàlagbà di ọmọ ọwọ́ ni?" Awakọ̀ kan tí ó gbé mi láti Agbowó lọ sí Ṣálẹ́ǹjì tilẹ̀ bi mí bóyá èdè Òyìnbó ni mo ń kọ́ wọn. Èmi kì í bínú. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì dé bá kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó kún ẹnu wa yìí lè fò lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan bí ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Aláṣọ fún yín.

Ó lé ní 30 ọdún tí Màmá yìí fi ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Kò sí oníbàárà tí yóò bá a ná ọjà kí ó borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà lábẹ́lẹ̀, kò sì lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń wọn aṣọ fún ènìyàn, ọ̀pá ìwọnṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ṣubú. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì kù sí i lẹ́nu: "Owó."

Bí ilẹ̀ bá mọ́, "Owó." Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, "Owó." Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí, ó yẹ abẹ́ ìbùsùn wò, kò rí nǹkan kan. Èyí tí ó wá burú jù ni pé nígbàkígbà tí ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí ó ń tọ́jú Màmá, bá mú àlejò wọlé, Màmá yóò na ọwọ́ òsì sí i, yóò máa pariwo, "Owó! Owó!" títí omi yóò fi dà lójú rẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó ti jí owó ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìyàwó sunkún, ó búra, wọn kò gbà á gbọ́. Nítorí pé bí ènìyàn bá kí Màmá, yóò dáhùn ketekete pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni?" Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ "ení, èjì," òun yóò kà á dé ogún. Wọ́n ní, ẹni tí ó lè kí ènìyàn, tí ó sì lè ka nǹkan, ṣé kò mọ ohun tí ó ń wí ni? Ìyàwó ti di ẹrù rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé Màmá wá sí yàrá kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà.

N kò ní í fi àṣìṣe tèmi pamọ́. Àwòrán tí mo rà láti ìlú Òyìnbó ni mo tẹ́ síwájú Màmá: èso ápù, ilé tí yìnyín bò, ajá tí ó wọ kóòtù. Ó wò wọ́n, ó sì yí ojú kúrò. Mo tún rò pé bóyá ọwọ́ rẹ̀ tí ó rọ ni ó ń wí. Mo dì í mú, ó mi orí pé rárá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí ohun tí gbogbo wa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1861, ní ìlú Parisi, Dókítà Paul Broca rí ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju "tan, tan" lọ, ohun yòówù kí wọ́n bi í. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé apá òsì níwájú ni ó ti bàjẹ́. Apá òsì ọpọlọ yìí ni ó ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sọ̀rọ̀. Ìkíni, orin, àdúrà àti oókan-èjì ti mọ́ ẹnu lára, wọ́n lè jáde fúnra wọn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wá orúkọ nǹkan kan kí ó sì pè é, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Òye Màmá kò lọ. Ilẹ̀kùn ni ó há.

Mo lọ sí ilé wọn. Mo ní kí wọ́n gbé omi, búrẹ́dì, òòyà, owó bébà, ìborùn àti gèlè sórí tábìlì. Mo mú ife omi, mo ní, "Màmá, kí nìyí?" Ó ní, "Owó." Mo mú òòyà. "Owó." Àkọ́bí dìde dúró. Nígbà náà ni mo ní kí ìyàwó wọlé bí ìgbà tí ó bá mú àlejò wá. Màmá tún na ọwọ́, "Owó! Owó!" Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kan èyí tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yín."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ kọjá lórí owó bí ẹni pé kò rí i. Orí gèlè ni ó bà lé.

Gbogbo ilé dákẹ́. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, orí Màmá ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lásán, òun tí ó fi aṣọ wọ idaji Ìbàdàn! Ojú ń tì í níwájú àlejò. Ta ni ì bá sì ké pè bí kò ṣe ẹni tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń wọṣọ fún un?

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó wé e fún un. Àkọ́bí wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ìyàwó, ẹ má bínú sí wa." Kò dáhùn. Ó ń tún etí gèlè ṣe.

Láti ọjọ́ náà, mo kọ́ ìyàwó pé kí ó má kàn wé e lásán. Kí ó gbé gèlè sókè, kí ó ní "gè...", kí ó sì dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, Màmá ń wò ó ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní, "...lè." Ìyàwó pariwo tí àwọn ará ilé fi sáré wá. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Màmá kò padà sí Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn "owó" a yọ jáde láìpè é. Òun fúnra rẹ̀ a sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí irú èyí bá dé sí ilé yín, ẹ má ṣe pariwo mọ́ aláìsàn. Etí rẹ̀ kò di. Ẹ bi í ní ohun tí ó lè fi orí dáhùn, ẹ fi nǹkan hàn án, ẹ sì fún un láyè. A kò pọ̀ tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, nítorí náà ẹ tètè béèrè wa ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó lo oògùn rẹ̀. Àwọn baba wa ní, bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n kí baba náà jọ̀wọ́ jókòó dè é.