Asẹ́ Tó Ń Da Ògì Nù Mọ́ Èèrí

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó ń sọnù lórí íntánẹ́ẹ̀tì la mú wá lónìí, torí ó ti da àárín àwa àti àwọn ọmọ wa rú, a ò sì tíì jókòó sọ ọ́.

Gbogbo wa la rántí omi ọdún 2022. Odò Ọya àti Bẹ́núé kún wọ ìlú Lọ́kọ́ja, ọ̀nà Ganaja di odò, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn kọjá níbi tí mọ́tò ń gbà. Káàkiri Nàìjíríà, àwọn tó kú lé ní 600. Nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá kan tó ń ta gààrí ní Adankolo pàdánù gbogbo ọjà ẹ̀. Ẹgbẹ́ bá ṣèpàdé ní Otokiti níbí, a ní ká kọ̀wé sí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, kí wọ́n dáwó jọ fún àwọn tí omi ba ọjà wọn jẹ́. Akọ̀wé fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

A retí títí, ẹnì kan ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le nípàdé. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ti débi tó dùn, wọ́n ti gbàgbé ilé. Bàbá kan ò gbé ìpè ọmọ ẹ̀ mọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ìyá kan tó bú sẹ́kún lórí fóònù, ó ní kí ló dé tí ẹ fi ṣe wá báyìí? Ọmọ ní, "Mọ́mì, lẹ́tà wo?" Ó wá a títí, inú àpótí tí wọ́n ń pè ní Spam ló ti bá a, láàárín lẹ́tà tẹ́tẹ́ àti ti oògùn agbára ọkùnrin. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Àwọn kan rí tiwọn níbẹ̀. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wò ó ò bá nǹkan kan, torí Gmail fúnra ẹ̀ máa ń pa lẹ́tà tó bá ti lo 30 ọjọ́ nínú Spam rẹ́. Kí owó tó dé, ìyá onígààrí ti kó ìwọ̀nba ẹrù tó kù, ó ti padà sí Ọ̀fà.

Kí ló fà á? Àwọn tó ń gbé ímeèlì ní asẹ́ tí wọ́n fi ń yọ lẹ́tà jìbìtì kúrò, bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Asẹ́ yìí ò mọ ẹnikẹ́ni, ìṣirò ló ń ṣe. Ẹ wo SpamAssassin, asẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ti wà láti ọdún 2001. Ó ń fún lẹ́tà ní máàkì bíi ti tíṣà, àmọ́ máàkì ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ẹni tó ń lò ó ò bá yí i padà, lẹ́tà tó bá ti gba máàkì 5 ti di spam. Nínú àwọn òfin tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, wọ́n pe àwọn kan ní NIGERIAN_BODY. Ẹ gbọ́ o, orúkọ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi sọ òfin jìbìtì.

Ẹ wá wo lẹ́tà tiwa. URGENT wà lókè ẹ̀ gàdàgbà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì wà níbẹ̀, dọ́là wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn la sì fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Kò sí irọ́ kan nínú ẹ̀, àmọ́ aṣọ kan náà lòun àti lẹ́tà gbájúẹ̀ wọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Èyí tó dùn wá ni pé àwa ò jalè.

A ò ní fi òótọ́ pamọ́. Àwọn ọmọ wa kan ló sọ 419, tó jẹ́ nọ́ńbà abala kan lásán nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe Nàìjíríà ni spam ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ta kọ̀ǹpútà, Gary Thuerk, ló fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí nǹkan bíi 400 èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 1978. Kì í sì ṣe àwa nìkan ni asẹ́ ń ṣe báyìí. Láti ìparí ọdún 2004 wọ 2005, Verizon ní Amẹ́ríkà dínà mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń bọ̀ láti Yúróòpù, títí àwọn oníbàárà fi pè wọ́n lẹ́jọ́.

A ò ní kí wọ́n wó asẹ́ dànù o. Láìsí i, gbájúẹ̀ á jẹ wá run. Ohun tó burú ni pé kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ ẹ, o kúkú mọ̀ pé ó tì í. Èyí ò sọ fún ẹni tó kọ̀wé, kò sì yọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́nu. Ẹni tó kọ̀wé á ní wọ́n ò ka òun sí, ẹnì kejì á ní ilé ò rántí òun. Paul Graham tó kọ̀wé lórí irú asẹ́ yìí lọ́dún 2002 mọ̀ pé lẹ́tà rere tó sọnù burú ju jìbìtì kan tó yọ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi ń ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà rere ní ìlọ́po méjì. Ká ní gbogbo wọn ló ń rò bẹ́ẹ̀ ni!

Kí ni ká ṣe? Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa ṣí Spam yín wò lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà ilé níbẹ̀, ẹ tẹ "Not spam", kí ẹ sì tọ́jú àdírẹ́sì náà sínú fóònù yín. Àwa náà, bí a bá ti kọ̀wé, ká pè: "Ṣé o rí lẹ́tà wa?" Owó ìpè ò tó nǹkan. Kí bàbá tàbí ìyá kankan má sọ pé ọmọ òun ti gbàgbé òun títí yóò fi bi í pé ṣé lẹ́tà dé ọwọ́ ẹ̀.

Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè òkun. Olúwa ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rere wa sọnù lọ́nà o. Ire o.