Igi Ọ̀pọ̀tọ́ kan ní Ellenwood

Ẹni tó bá gba ọ̀nà I-675 sí ìhà gúúsù Atlanta kò ní pẹ́ dé Ellenwood. Kì í ṣe ìlú tó ní méyọ̀ tirẹ̀. Káńtì Clayton, DeKalb àti Henry ló pín in mọ́wọ́. Igi páìnì pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn.

Lẹ́yìn ilé kan níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan gbin ọ̀pọ̀tọ́ sí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Brown Turkey. Ìyá ti lọ, wọ́n sì fẹ́ ta ilé náà. Àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún ń béèrè bí àwọn ṣe máa gbé igi tó ga tó òrùlé gáréèjì. Kò ṣeé gbé. Àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ lè ta gbòǹgbò lórí igi níbẹ̀.

Bàbá àdúgbò kan ló fi hàn wọ́n lóṣù kẹfà. Ó mú ẹ̀ka tó nípọn bí pẹ́ńsùlù, ó fi ọ̀bẹ mímú bó èèpo rẹ̀ yípo ní ìwọ̀n ínṣì 1, ó sì ha ojú rẹ̀ mọ́, torí bí èèpo díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ọgbẹ́ náà á tún pa dé. Ó fún omi sphagnum moss tó ti rẹ, ó fi yí ojú ọgbẹ́ ká, ó fi ọ̀rá wé e, ó so ó lókè àti nísàlẹ̀, ó wá fi fóìlì bò ó nítorí oòrùn. Ó ní kí wọ́n tètè fọwọ́: oje funfun ọ̀pọ̀tọ́ lè jó ni lára bí oòrùn bá kàn án. Àwọn kan á ní kí ẹ ra àtíkè tó ń mú gbòǹgbò jáde. Ọ̀pọ̀tọ́ ò nílò rẹ̀. Ẹ tọ́jú owó yín.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀ka náà ò ní kú?” Ọmọ ọdún 14 ló béèrè, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n sì ni. Inú igi ni omi ń gbà gòkè. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń ṣe ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá bó èèpo, omi ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ewé, àmọ́ oúnjẹ á há sókè ojú ọgbẹ́, ibẹ̀ ni gbòǹgbò á ti yọ. Igi tuntun náà á sì so irú èso ìyá rẹ̀ gan-an. Ẹni tó gbin kóró agbálùmọ̀ dídùn lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó wá ká kíkan. Nílé, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọsàn wẹ́wẹ́. Ní Kamẹrúùnù, àwọn onímọ̀ ICRAF ti ṣe é fún igi òro, tí a ń mú ààpọ̀n lára rẹ̀, kí ó lè tètè so.

Ẹ̀ka márùn-ún ni wọ́n dì. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹjọ, gbòǹgbò funfun ti hàn lábẹ́ ọ̀rá mẹ́rin. Ọ̀rá karùn-ún ti ya, inú rẹ̀ sì ti gbẹ. Wọ́n gé mẹ́rin náà nísàlẹ̀ gbòǹgbò, wọ́n gbìn wọ́n sínú ìkòkò, wọ́n sì gbé wọn sábẹ́ ìbòòji. Bí òtútù bá dé, inú gáréèjì ni wọ́n máa wà títí di oṣù kẹta. Àbíkẹ́yìn ni kò rí gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ti ṣèlérí pé bí tòun bá dàgbà tó, òun á di ẹ̀ka kan fún un.