Omi Tó Wà Nínú Ìwé Tó Gbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ìwé tí ẹ̀ ń kà yìí. Ó gbẹ, àbí? Bẹ́ẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wọn 100 gíráàmù bébà tí ẹ rò pé ó gbẹ dáadáa, nǹkan bíi 7 gíráàmù nínú rẹ̀ lè jẹ́ omi. Ní Port Harcourt tiwa níbí, lásìkò òjò, ó lè tó 10.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun ní Diobu láti ọdún 19 sẹ́yìn. Ohun kan tí bébà kọ́ mi ni pé ojú lásán ò lè mọ ohun tó gbẹ.

Igi ni bébà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjọba fi dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, àti ní Oku Iboku, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí, tí wọ́n ṣí ní 1986: ká lè máa ṣe bébà nílé. Wọ́n á rún igi, wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan bí ògì. Nígbà tí ògì igi yìí bá kọ́kọ́ bọ́ sórí asẹ́, omi inú rẹ̀ ju 99 lọ nínú 100. Asẹ́ á jò ó, rọ́là á fún un, irin gbígbóná á gbẹ ẹ́, títí yóò fi ku bíi 5 sí 8. Wọn kì í gbẹ ẹ́ tán pátápátá, torí bébà tí kò lómi rárá á máa ṣẹ́. Bí omi bá sì pọ̀ jù, á bu.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbé e sínú ààrò tó gbóná dé 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì máa tún un wọ̀n títí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́. Ohun tó dín, omi ni. Bí 50 gíráàmù bá wọlé, tí 46 jáde, 4 ló lọ, ìyẹn 8 nínú 100.

Ṣùgbọ́n bébà tó kúrò nílé iṣẹ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń mu omi látinú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a padà. Bó bá mu ún jù, á wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ru bí ìgbì, àwọ̀ pupa ò ní bọ́ sójú ibi tó yẹ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a kì í tú bébà kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ àfi ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, màmá kan nínú ìjọ wa, opó, wá béèrè àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìwé tọwọ́ rẹ̀ ti sọnù, àwọn tó fẹ́ san owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ sì ń béèrè ẹ̀rí. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ wà níbẹ̀. Iná ò jó o, òjò ò rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti fara ti ògiri ìta nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú ewé mọ́kànlá ló lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣí i. A rí orúkọ ọkọ, orúkọ màmá ti di àbàwọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹlẹ́rìí méjì tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n lọ búra fún un ní kóòtù.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kúrò lára ògiri, ká sì gbé e sókè kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Bó bá ń fi ohun tó ju 65 hàn léraléra, ewu ń bọ̀. Ẹ má di ìwé tó lọ́rinrin sínú ọ̀rá, omi lẹ ń tì mọ́lé yẹn. Bí ìwé bá rin, ẹ má sá a sóòrùn: ẹ ṣí i sílẹ̀, ẹ fi bébà funfun sáàárín ojú ewé, ẹ tan fáànù, kí ọjọ́ méjì tó pé. Kí ẹ sì fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìbí tó wà nílé yín.

Mo ti ra ẹ̀rọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan péré niṣẹ́ náà máa gbà. Ẹni mẹ́rin ni mo ń wá, kí ọwọ́ wọn ṣáà ti gbẹ.