Àgbékẹ́ Ará Ẹnubodè àti Àyìnlá Tó Ti Àjò Dé

Ìdí-Ìrókò ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ìgòlò ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Àgbékẹ́ kò jìnnà sílé rí ju pé kí ó ná ọjà Àjàṣẹ́ àti ti Kútọnu lọ. Aṣọ ni ó ń tà. Àyìnlá àbúrò rẹ̀ ti San Francisco dé láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án, tí ó sì ń lọ kàwé lálẹ́.

ÀGBÉKẸ́: Àyìnlá ọmọ baba mi, arìnjìnnà-má-gbàgbé-ilé, ojú mi rí ọ, inú mi sì dùn. Àwọn tó wá kí ọ káàbọ̀ ti túká, ilé ti dá, ó ku èmi pẹ̀lú rẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ bi ọ́ lójú àwọn ènìyàn. Nígbà tí o ń lọ, a rò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni o máa kọ́ bọ̀. O wá dé tán, o ní èdè àjèjì àti ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni o kọ́. Èmi tí mo jókòó sí ẹnubodè yìí, mo gbọ́ Ègùn, mo gbọ́ Faransé tí a fi ń ná ọjà, mo sì lè fi Haúsá bá àwọn tó ń kó àlùbọ́sà wá dúnàá-dúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ kan tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí ni ó wá wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí ènìyàn fi ní láti tìtorí rẹ̀ la òkun kọjá?

ÀYÌNLÁ: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ fi ìbéèrè náà pamọ́ di ìgbà tí ilé dá. Ní ti èdè, n kò ní bá yín jiyàn. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí a jọ jókòó ní kíláàsì, bí mo bá sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi tí kò kọjá ìwé mẹ́fà ń fi èdè mẹ́rin ná ọjà láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ẹnu a yà wọ́n. Ọjà ni ó kọ́ yín ní tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ó lé ìjọba tiwọn dé ìdí èdè. Nígbà tí ìjọba Soviet ta ẹ̀rọ Sputnik sójú ọ̀run ní ọdún 1957, àyà wọn là gààrà, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1958, wọ́n ti ṣe òfin tí ó da owó ìjọba sórí ẹ̀kọ́ ìṣirò, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ èdè àjèjì, nítorí wọ́n rí i pé àwọn tí àwọn ń bá ṣọ̀tá ń sọ̀rọ̀, àwọn kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilé-ìwé tí mo lọ, kí ẹ má baà rò pé àárín àwọn ọmọ ọlọ́lá ni mo lọ jókòó sí.

ÀGBÉKẸ́: Máa wí, mò ń gbọ́.

ÀYÌNLÁ: Àwọn yunifásítì olókìkí tí orúkọ wọn dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kọ́ ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Amẹ́ríkà ní. Irú mìíràn wà tí a lè pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, tí ìjọba dá sílẹ̀ sí ìtòsí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, tí ènìyàn fi ọdún méjì kà, tí yóò sì gba ìwé-ẹ̀rí tí ó lè fi wáṣẹ́ tàbí kí ó gbé e lọ sí yunifásítì láti lọ parí ọdún méjì tó kù. Èyí tó pẹ́ jù lọ tí ó ṣì ń bẹ títí di òní ni ti Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1901. Ní California nìkan, wọ́n tó 116. Wọn kì í fi ìdánwò líle dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ẹnu-ọ̀nà ibẹ̀. City College of San Francisco tí mo lọ ti wà láti ọdún 1935, láti ọdún 2017 sì ni àwọn tó ń gbé ìlú náà kò ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, nítorí àwọn ará ìlú dìbò pé kí a fi owó-orí san án. Ní kíláàsì tí mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè, ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi jẹ́ bàbá kan tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì, ìyá tó wà níwájú mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ará Filipíìnì tí kì í bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó wá, ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn sì ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, tí omi ọṣẹ ti bó awọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni oorun ń kùn, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti ju ìbéèrè sílẹ̀, oorun a fò lọ, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wa tí ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn kò tíì gbé kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn rí.

ÀGBÉKẸ́: Èyí dùn ún gbọ́. Àgbà tó ń kàwé kò burú. Ṣùgbọ́n ọdún méjì mà kéré o, Àyìnlá. Èdè wo ni o wá mú bọ̀ tí a lè fi sọ pé, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ wa ń sọ?

ÀYÌNLÁ: Èdè Sípéènì ni mo mú, mo sì fi ọwọ́ kan ti Ṣáínà díẹ̀. Ilé-ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ṣírò pé wákàtí bí 600 sí 750 ni ọmọ Amẹ́ríkà nílò kí ó tó lè fi èdè Sípéènì ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ti Ṣáínà, ti Lárúbáwá, ti Japan àti ti Korea tó 2,200. Bí ènìyàn bá ń fi wákàtí márùn-ún kọ́ ọ lọ́sẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó sẹ́fà ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìwo ìwé, ẹ ti mọ ibi tí ìṣirò náà ń lọ. Ìpìlẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń fúnni. Ẹni tó bá fẹ́ gbéra lọ síwájú a ti rí ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Ní ti Sípéènì, mo lè bá ọmọ Kúbà jókòó báyìí kí n sì bi í léèrè nípa àwọn Lukumí, àwọn ìran wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ohùn Yorùbá kọrin fún òrìṣà títí dòní. Ìyẹn nìkan tó mi lérè.

ÀGBÉKẸ́: Mo gbà fún ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè yìí ni kò yé mi. Ṣebí iṣẹ́ àwọn ẹni ńlá ni? A gbọ́ nípa Olóyè Simeon Adébọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta, tó ṣojú wa ní Àjọ Ìsọ̀kan Àgbáyé. Irú wọn ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí ìjọba kan ń bá ìkejì sọ. Ẹni tó ń wẹ arúgbó, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Èmi tí mò ń ta àǹkárá, kí ni tèmi?

ÀYÌNLÁ: Ẹ̀gbọ́n mi, ìlú tí mo gbé náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá Àjọ yẹn sílẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1945. Àádọ́ta orílẹ̀-èdè ni ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, mẹ́rin péré ni ó sì ti ilẹ̀ Áfíríkà wá: Íjíbítì, Etiópíà, Làìbéríà àti Gúúsù Áfíríkà. Lákòókò kan náà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ jagun ní Bọ́mà kò tíì padà délé tán. Wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ogun, ṣùgbọ́n kò sí àga fún wọn níbi tí wọ́n ti ń parí rẹ̀, títí di ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1960 tí Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún. Nítorí náà ni n kò ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá nìkan ni. Ṣé ẹ rántí ọdún 1994, nígbà tí sẹ́fà wó lulẹ̀?

ÀGBÉKẸ́: Háà! Mo ha lè gbàgbé bí? Mo sùn, mo jí, owó tí mo dì sínú ìdí ìró ti di ìdajì. Ìyá kan ní Àjàṣẹ́ tó jẹ mí ní gbèsè san gbogbo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn onípààrọ̀, kò tó ra nǹkan.

ÀYÌNLÁ: Ní Dakar ni wọ́n ti kéde rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún náà. Owó sẹ́fà tí ó jẹ́ 50 sí fáráǹkì Faransé kan di 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọba Faransé, àwọn elétò owó àgbáyé àti àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ni ó mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí alájàpá Ìdí-Ìrókò.

ÀGBÉKẸ́: Èyí tí ojú mi rí lẹ́yìn náà tún ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí wọ́n ti ibodè, ẹrù mi ti dé Ìgòlò. Mo san owó rẹ̀ tán. Bí mo bá dúró lórí àpótí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń rí páànù òrùlé ilé tí ẹrù náà wà, èmi kò sì lè dé ibẹ̀. Mo lọ bá ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, àṣẹ òkè ni.” Mo bi í pé òkè wo? Ó ní òun náà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè Sèmè ní òpin ọdún 2020, a rò pé ó kàn wá, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí tiwa. Ikán ti jẹ nínú ẹrù náà, òjò ti pa ìyókù.

ÀYÌNLÁ: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Olúwa yóò fi òmíràn rọ́pò. Òkè tí ẹ̀ṣọ́ náà kò mọ̀ yẹn gan-an ni mo lọ kọ́. Ìrẹsì ń ti Thailand wọkọ̀ ojú omi dé èbúté Kútọnu, níbi tí owó ibodè kò ti wọ́n tó ti Èkó. Àwọn onífàyàwọ́ a sì gbé e wọlé tọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù tí ìjọba wa ń bá ará ìlú san lára owó rẹ̀ nígbà náà ń gba inú igbó lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba wa ní òun ń dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ onírẹsì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n máa ń ṣe ìpàdé kan ní àfarawé Àjọ Ìsọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n á pín orílẹ̀-èdè fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan láti gbẹnu sọ fún. Nígbà tí ó kàn mí, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n fún mi.

ÀGBÉKẸ́: Ìwọ ọmọ Ìdí-Ìrókò ni o dúró gbè lẹ́yìn wọn lójú àwọn àjèjì?

ÀYÌNLÁ: Mo dúró, ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kọ́kọ́ ro mí lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbẹnu sọ fún ìlú kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń dun ìlú náà. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èbúté Kútọnu ni ó ń bọ́ àpò ìjọba wọn, àti pé ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ wọn jẹrà sójú ọ̀nà nítorí ilẹ̀kùn tí a tì. Mo bá aṣojú Nàìjíríà jiyàn, ọmọbìnrin ará Mẹ́síkò kan ni, ó sì gbèjà wa tọkàntọkàn! Nígbà tí a tún wo ìwé ìtàn, a rí i pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù tí wọ́n fa ààlà náà, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà, láìsí ẹni tó mọ oríkì èyíkéyìí nínú wọn níbi ìpàdé náà. Èdè nìkan kò lè sọ èyí fún ènìyàn, ẹ̀gbọ́n mi, bí ó ti wù kí ó gbọ́ ọ tó.

ÀGBÉKẸ́: Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ọ̀kan tó ń dùn mí. Ká ní mo mọ gbogbo èyí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ibodè yóò ha ṣí fún mi bí?

ÀYÌNLÁ: Kì bá tí ṣí. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè inú ECOWAS, àjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979, tí ó ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ ìkejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Òmíràn sọ nípa ọjà tó jẹ́ èso ilẹ̀ wa àti ọjà tó ti ìdálẹ̀ wá. Ká ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín mọ̀ wọ́n, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ẹ̀ bá kúnlẹ̀ fún. Ẹ̀ bá ti kọ̀wé sí Àbújá, kí ẹ dárúkọ àwọn àdéhùn náà, kí àwọn ọlọ́jà Ìgòlò náà kọ tiwọn sí ìjọba wọn lọ́jọ́ kan náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni iṣẹ́ àjọ náà ń lò. Àwa tí ibodè náà là láàárín, Yorùbá àti Ègùn ni a ń sọ.

ÀGBÉKẸ́: Ìyẹn ni pé, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹnìkan kò sì kà á sí mi létí.

ÀYÌNLÁ: Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti dé nìyí. A ní Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì, iṣẹ́ gidi sì ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé-ìwé tí alájàpá lè ti ṣọ́ọ̀bù wá sí lálẹ́, tí ọlọ́kadà lè dé sí, tí wọ́n á ti kọ́ Faransé tí a fi ń kọ̀wé, kí wọ́n sì tún kọ́ ohun tí ìjọba méjèèjì ń bá ara wọn sọ, ẹnubodè gan-an ni ó yẹ ẹ́. Bí San Francisco bá lè dìbò pé kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, n kò rí ohun tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa má ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀGBÉKẸ́: Ìjọba yóò pẹ́ kí ó tó dé, bí yóò bá tilẹ̀ dé. Àwọn ìwé àdéhùn yẹn, wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ?

ÀYÌNLÁ: Wọ́n wà nínú àpótí mi, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé.

ÀGBÉKẸ́: Lọ́túnla, bí ọjà bá ti tú, ẹgbẹ́ aláṣọ ń ṣèpàdé nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi yóò ránṣẹ́ sí àwọn ti Ìgòlò pé kí àwọn náà wá. Kó o wá, kó o sì kà wọ́n fún wa ní Yorùbá. Ìyá Sẹ̀nà, ọ̀kan nínú wọn, yóò máa sọ ọ́ ní Ègùn fún àwọn tirẹ̀. Èyí tó sọ nípa ọjà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, má sì fo ìlà kankan.